Bainọ́kúlà fún ọdẹ tí owó ọwọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìbàdàn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọdẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ oko, àwọn tó wà nínú Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn tó ń wọ igbó ní òpin ọ̀sẹ̀ máa ń béèrè jù tí ọ̀rọ̀ bá ti kan bainọ́kúlà, awò olójú méjì tí à ń gbé sójú wo ọ̀nà jíjìn. Owó àárín ni mo ní lọ́kàn. Mi ò sọ ti ohun ìṣeré tí wọ́n ń fi lọ ènìyàn lẹ́bàá títì, mi ò sì sọ ti Swarovski tàbí Leica tí ẹyọ kan lè ju dọ́là 2,000 lọ. Ẹni tó bá ń kánjú lè ka ìdáhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó sọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kó gùn. Èwo ni kí n rà?

8x42 ni. Kí wọ́n fi rọ́bà bo ara rẹ̀, kó má máa dún tó bá kan ìbọn tàbí bọ́tìnnì aṣọ. Kí omi má lè wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ "fully multi-coated" sí i lára tàbí sí páálí rẹ̀. Nínú igbó tó yí Ìbàdàn ká, láti Ìdó dé Lágelú, láti Akínyẹlé dé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí iṣẹ́ ọdẹ ojúmọmọ tí irú èyí ò ní ká. Ẹni tó bá ń lọ sí Òkè Ògùn déédéé, ní ìhà Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Kìṣí, níbi tí igi ti fọ́n ká tí ojú sì ń ríran jìnnà, lè mú 10x42. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó kọjá 10.

Owó tí ẹ bá ní, dígí ni kí ẹ fi rà, ẹ má fi ra nọ́ńbà. Gbogbo èyí tó kù nísàlẹ̀, àlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni.

Kí ni 8 àti 42 yẹn ń sọ gan-an?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ iye ìlọ́po tí ó fi ń fa nǹkan súnmọ́ ojú. Ẹtu tó dúró ní mítà 80 yóò hàn bí ẹni pé mítà 10 péré ló wà sí yín. Nọ́ńbà kejì ni ìbú dígí iwájú, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé: bó ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń rí gbà ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á kì í sọ ni pé nọ́ńbà méjèèjì ń bá ara wọn jà. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti ẹ̀yìn. 42 tí a fi 8 pín jẹ́ 5.25. Ìyẹn ni ìbú ìmọ́lẹ̀ róbótó tó ń jáde wá bá ojú yín, ní mìlímítà. 10x42 ń fún yín ní 4.2. 10x25, èyí tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, kò ju 2.5 lọ. 7x50 tí àwọn awakọ̀ ojú omi fẹ́ràn fi díẹ̀ ju 7 lọ.

Kí wá ni èyí fẹ́ ṣe fún ọdẹ? Ọmọlójú wa máa ń sún kì nínú oòrùn, ó lè má ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń fẹ̀. Ti ọ̀dọ́ lè tó 7, ti ẹni tó ti dàgbà sì lè má ju 5 lọ. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, bainọ́kúlà tó ń tú mìlímítà 2.5 jáde àti èyí tó ń tú 5 jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ bákan náà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyàtọ̀ máa ń yọjú, àkókò yẹn gan-an sì ni ẹran ń rìn.

Bí 10x25 kékeré ṣe ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Ẹ gbé e sójú ní Dùgbẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ gbé ọ̀kan náà lọ sí etí oko nígbà tí aago méje alẹ́ bá kù díẹ̀, tí ọ̀yà àti ìgalà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde wá jẹun, ẹ ó rí i pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn jù ú lọ.

Ẹni tó ń tajà ní 20x ló dáa jù, pé ó ń rí iwájú ju 8x lọ. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Kò parọ́ tán, àmọ́ kò sọ ìyókù. Bí 20x ṣe ń sọ ẹran di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ yín di ńlá. Ẹni tó ti rìn wọ igbó láti òwúrọ̀, tí èémí rẹ̀ ò tíì balẹ̀, kò lè fi ọwọ́ lásán mú 20x dúró sójú kan. Àfi kó gbé e lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ta ló sì fẹ́ ru ìyẹn kiri?

Bí ibi tí ẹ lè rí ṣe fẹ̀ tó tún ńkọ́? 8x42 tó dára máa ń fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 130 hàn ní ọ̀nà jíjìn mítà 1,000. Nínú igbó wa, mítà 50 ti jìnnà. Ní mítà 50 yẹn, ibi tí ẹ rí fẹ̀ tó mítà mẹ́fà àbọ̀. 10x á fún yín ní bíi márùn-ún àbọ̀. 20x kò lè pé mẹ́ta. Ẹ ti rí ẹran pẹ̀lú ojú lásán, ẹ gbé 20x sójú, ẹ̀ ń wá a kiri láàárín ewé, nígbà tí ẹ ó bá fi rí ibi tó wà, ó ti lọ.

Nǹkan kẹta ni afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án, ooru tó ń ti ilẹ̀ gòkè máa ń mú kí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán máa mì lójú. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ìlọ́po tó lè la ìyẹn kọjá. Ńṣe ni 20x á kàn fi eruku náà hàn yín ní títóbi.

Mo rí kékeré kan tí wọ́n kọ "30x60" sí, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n tún kọ "Day and Night" àti "126m/1000m" sí i lára.

Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé, ẹ fi wọn dígí iwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 60 lóòótọ́, ìbú dígí kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Èyí tó ń wọ àtẹ́lẹwọ́ yẹn kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá purọ́ nípa ohun tí rúlà lè fi hàn, kí lẹ rò pé ó máa sọ nípa ohun tí ẹ ò lè rí?

"126m/1000m" kò sọ pé ẹ ó rí nǹkan dé mítà 1,000. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé lókè ló ń sọ, bí ilẹ̀ tó ń hàn ṣe fẹ̀ tó ní mítà 1,000, kì í sì í jẹ́ òótọ́ lára irú ọjà yẹn. "Day and Night" kò ní ìtumọ̀ kankan. Bí dígí rẹ̀ bá sì ń tàn pupa fòò, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Àwọ̀ pupa yẹn ń lé apá kan ìmọ́lẹ̀ padà síta ni, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀yin ń fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Èyí tí wọ́n ní ẹ lè yí láti 10 dé 30 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ní owó àárín, rárá. Ibi tí ẹ ó rí kéré nígbà tó bá wà ní 10, ó sì máa ń ṣókùnkùn tó bá kúrò níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà kí n tó sanwó?

Ẹ má rà á nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ti ní jẹ́ kí ẹ gbé e jáde síta. Tí ẹ bá wà ní Dùgbẹ̀ tàbí Ògúnpa, Ọlọ́run ti bá yín ṣe é: ẹ kọjú sí Cocoa House. Ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965 yìí wúlò fún àyẹ̀wò ju ohunkóhun tí ẹlẹ́rù lè gbé síwájú yín lọ, nítorí ó ga, ìlà rẹ̀ tọ́, òfuurufú sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo etí ilé náà níbi tó ti kan òfuurufú. Bí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, dígí náà kì í ṣe ojúlówó. Díẹ̀ ò burú. Gbogbo bainọ́kúlà olówó àárín ló ń ṣe é díẹ̀. Ẹ wá gbé ojú fèrèsé kan sí àárín gbùngbùn, kí ẹ rọra sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́. Etí máa ń ṣú díẹ̀ ju àárín lọ, àmọ́ bó bá jẹ́ àárín nìkan ló mọ́, tí gbogbo ìyókù dà bí ẹni pé òógùn wọ ojú yín, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e jìnnà sójú, ní gígùn apá, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kì í ṣe sí oòrùn o. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan nínú ibi ìfojúsí kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí róbótó gẹ́lẹ́, ó dára. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e di onígun mẹ́rin, prísímù rẹ̀, ìyẹn dígí onígun inú rẹ̀ tó ń dá àwòrán padà sí bó ṣe yẹ kó rí, jẹ́ ti owó pọ́ọ́kú. Orí páálí, wọ́n máa ń kọ BaK-4 fún èyí tó dára àti BK7 fún èyí tó rẹlẹ̀, àmọ́ ẹ gba ojú yín gbọ́ ju páálí lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ rèé, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ṣe. Ẹ wo ìlà kan tó nà gbalaja, bí òkè òrùlé tàbí wáyà iná. Ẹ rọra máa fa bainọ́kúlà náà kúrò lójú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣẹ́jú. Bí ìlà tó wà lójú ọ̀tún bá ga ju ti òsì lọ, ọ̀pá méjèèjì ò wo ibì kan náà. Ojú àti ọpọlọ máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe, ohun tó sì máa ń fún ènìyàn ní orí fífọ́ lẹ́yìn wákàtí kan nìyẹn. Kò sí àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ má gba ẹ̀dínwó lórí rẹ̀, ẹ má gbà á rárá.

Ẹ mì í létí. Bí nǹkan bá ń dún nínú, ó ti já bọ́ rí. Ẹ yí róbótó àárín lọ, ẹ yí i bọ̀. Kò gbọdọ̀ ní ibi tó ti ń yọ̀ lófo. Kí ibi tí ọ̀pá méjèèjì ti so pọ̀ le díẹ̀, kó má máa ṣubú fúnra rẹ̀.

Èwo ló sàn jù, èyí tó rí gbọọrọ tàbí èyí tó ṣẹ́ kọ́kọ́?

Èyí tó ṣẹ́ kọ́kọ́, tí dígí iwájú rẹ̀ jìnnà síra ju ibi ìfojúsí lọ, ni wọ́n ń pè ní Porro, orúkọ ará Ítálì tó gba ìwé àṣẹ lórí prísímù rẹ̀ ní 1854. Èyí tó rí gbọọrọ ni "roof prism". Ní iye owó kan náà, tí owó náà bá kéré, àwòrán Porro máa ń dára jù, nítorí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ rọrùn láti ṣe. Ti gbọọrọ máa ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì kó tó tún un pa pọ̀, bí wọn ò bá sì fi ohun kan kun prísímù náà, àwòrán á ṣe bàìbàì. Ilé iṣẹ́ Zeiss ló bẹ̀rẹ̀ ìkùn yẹn ní 1988, ó sì ti wá dé ara ọjà olówó àárín báyìí. Ẹ wá "phase coated" tàbí "phase correction" lára páálí.

Ìdájọ́ tèmi: bí owó yín kò bá ju dọ́là 100 lọ, ẹ ra Porro. Bó bá ti tó 150 sókè, ẹ ra gbọọrọ tó ní ìkùn yẹn, nítorí ó fúyẹ́, omi kì í sì í sábà wọ inú rẹ̀.

"Coated", "multi-coated", "fully multi-coated", ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Dígí tí wọn ò fi nǹkan kan kùn máa ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọ̀pá kan lè tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ti ṣègbé kó tó dé ojú yín, apá kan rẹ̀ á sì máa tàn kiri inú ọ̀pá, á mú kí àwòrán funfun yànyàn. Ọdún 1935 ni Alexander Smakula ní Zeiss rí ọgbọ́n fi ohun tín-ín-rín kan kun dígí kí èyí lè dín kù.

"Coated" kàn ń sọ pé wọ́n kun ojú kan, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. "Fully coated": gbogbo ojú, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Multi-coated": àwọn ojú kan, lọ́pọ̀ ìgbà. "Fully multi-coated": gbogbo ojú, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù kí ẹ wo àwòjíìjí iná náà lára dígí. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àlùkò tó rọra ṣú, wọ́n kùn ún dáadáa. Bó bá funfun bí iná gílóòbù fúnra rẹ̀, wọn ò kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárúkọ. Èwo ni kí n sọ fún àbúrò mi ní Houston pé kó fi ránṣẹ́?

Ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún: nǹkan bí dọ́là 100, Nikon Aculon A211 8x42. Porro ni, àwòrán rẹ̀ dára fún owó rẹ̀, àmọ́ kò fara da omi, nítorí náà kì í ṣe fún ẹni tó ń wọ igbó ní oṣù Okúdù.

Láàárín 100 sí 200, Celestron Nature DX ED 8x42 ni mo fẹ́ràn jù, ó ní dígí ED tó ń dín àwọ̀ etí kù, ó sì ní ìkùn prísímù tí mo sọ. Nikon Prostaff P3 àti Vortex Crossfire HD náà wà níbẹ̀. Ara wọn le, wọ́n sì dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Láàárín 200 sí 300, Vortex Diamondback HD tàbí Nikon Monarch M5. Ibí ni èmi máa ń sọ pé kí ẹni tó bá lè fi oṣù díẹ̀ sí i tọ́jú owó dúró dè. Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, owó á máa di ìlọ́po méjì fún àǹfààní tó ń kéré sí i, àyàfi bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti jókòó sídìí bainọ́kúlà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Vortex máa ń ṣe àtúnṣe tàbí pààrọ̀ láìka ọdún sí, láìka ẹni tó kọ́kọ́ rà á sí. Ìyẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbójú lé e, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò san owó ìfiránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Kí àbúrò yín yọ ọ́ wò kó tó dì í, kó ṣe àyẹ̀wò ìlà gbalaja yẹn, nítorí dídá a padà láti ibi kì í ṣe eré. Kó sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀. Ayédèrú Nikon àti Bushnell wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe wà lórí àtẹ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Inú rẹ̀ lẹ ti lè rí ọjà tó dára jù fún owó yín, inú rẹ̀ náà lẹ ti lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Zeiss Jena 8x30 tí wọ́n ṣe ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, Jenoptem ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, ṣì ń na ọ̀pọ̀ bainọ́kúlà tuntun olówó kékeré ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ti Rọ́ṣíà náà le bí òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mú kí gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Kò sí èyí tó fara da omi nínú wọn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú, kí ẹ máa wò láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ohun tó rí bí òwú aláǹtakùn nínú, olú ti ń hù nínú dígí náà. Kì í tán, ó máa ń jẹ ìkùn dígí, ó sì lè ran èyí tí ẹ bá gbé e tì. Eruku bíńtín ò ṣe nǹkan.

Mo ń lo awò ojú. Ṣé mo máa yọ ọ́ ni?

Rárá. Ẹ wá "eye relief" lára páálí: kó tó mìlímítà 15 tàbí 16, ó kéré tán. Ẹ yí rọ́bà ìfojúsí wálẹ̀ tí awò bá wà lójú yín. Ẹni tí kò lo awò á yí i sókè. Aculon tí mo dárúkọ kò tó 15, ẹ̀yin ẹ má rà á.

Ọdẹ alẹ́ ni mí. Ṣé ó máa bá mi ríran lókùnkùn?

Kò ní bá yín rí i. Bainọ́kúlà kì í dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, èyí tó bá wà nílẹ̀ ló ń kó jọ. Tí òṣùpá bá yọ, 8x42 á ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, 7x50 á ràn yín lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú yín bá ṣì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Tí tọ́ọ̀ṣì bá wà lórí yín tí ojú ẹran sì ń tàn padà, ó lè bá yín mọ̀ bóyá ẹran wo ni. Ẹ̀rọ tó ń ríran lókùnkùn gan-an ń lo bátìrì, iye owó rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Awò wà lórí ìbọn mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi bainọ́kúlà ṣe?

Nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá fi awò orí ìbọn wò ni ẹnu ìbọn ń wò pẹ̀lú.

Igbó ẹ̀bá Ìbàdàn kì í ṣe igbó tí ènìyàn ò sí. Ẹlẹ́mu wà lórí ọ̀pẹ, àgbẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbi ebè, ìyá àgbà ń ṣẹ́gi, darandaran ń kọjá, àwọn ọmọdé sì ń wá ìgbín lẹ́yìn òjò. Ọdẹ mìíràn lè wà lábẹ́ igi tó kọjú sí yín, tí òun náà dákẹ́. Aṣọ oko tó ti gbó tó sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara àgbọ̀nrín láàárín ewé, pàápàá ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìṣípòpadà ewé lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Ojú lásán á rí i pé nǹkan mì. Bainọ́kúlà ni yóò fi etí, ìwo, ẹsẹ̀ tàbí fìlà hàn yín, nígbà tí ìbọn ṣì wà léjìká, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè.

Èyí nìkan tó láti ra bainọ́kúlà, bí ẹ ò bá tilẹ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà, tí kò lè gbé awò lé e, nílò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àǹfààní mìíràn ni pé ẹ ó mọ irú ẹran tó jẹ́. Ẹ ó mọ abo tó lóyún, ẹ ó mọ ewúrẹ́ ará abúlé tó ṣáko lọ, ẹ ó sì mọ ẹran tí òfin ń dáàbò bò. Akíka wà nínú wọn: láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé wọn ò gbọdọ̀ máa ta ẹ̀yà rẹ̀ kankan láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́?

8x42 sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 600 sí 750. 10x50 lè súnmọ́ kílò kan. Ìyà inú igbó ti pọ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ti ọrùn kún un. Ẹ ra okùn tó ń gba èjìká méjèèjì, kí ó lè máa lẹ̀ mọ́ àyà yín tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ìtàkùn kọjá.

Tuntun ni mo rà, síbẹ̀ kò mọ́ lójú mi.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tíì tò ó mọ́ ojú yín. Ẹ ṣí i tàbí kí ẹ pa á dé títí tí ohun tí ẹ rí á fi di róbótó kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ bo dígí iwájú ọ̀tún, kí ẹ fi róbótó àárín mú ti òsì mọ́. Ẹ wá bo ti òsì, ẹ má fọwọ́ kan ti àárín mọ́. Òrùka tó wà níbi ìfojúsí ọ̀tún ni kí ẹ yí. Ẹ sàmì síbi tó dúró sí. Láti ìgbà náà lọ, ti àárín nìkan ni ẹ ó máa yí.

Báwo ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọyẹ́ àti òjò wa yìí?

Ọ̀tá méjì ló ní. Ti ọyẹ́ ni eruku, yanrìn tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi etí aṣọ nu dígí tí eruku wà lára rẹ̀ ń fi yanrìn ha á ni. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ tó mí sí i, kí ẹ wá fi aṣọ ìnudígí nù ún láti àárín lọ sí etí. Ẹ má fi itọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì, ẹ má fi omi ọṣẹ ìfọṣọ.

Ti òjò ni ọ̀rinrin, òun ló ń bí olú. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi gáàsì nitrogen tàbí argon kún inú rẹ̀. Kì í rú kùrukùru nínú tí ẹ bá ti inú ọkọ̀ onítútù bọ́ sínú ooru. Bí wọ́n bá kọ IPX7 sí i, ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ẹ má fi í sínú àpò awọ láti oṣù Ẹ̀bìbí títí dé Ọ̀wàrà. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gbé e sínú ike oníderí tó dé pinpin pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, èyí tí wọ́n kọ "do not eat" sí. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ máa gbé e jáde sí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kódà bí ẹ ò bá lọ sígbó.

Ọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ. Ṣé ọ̀kan náà lè tó àwa méjèèjì?

Ó tó. 8x42 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo ẹyẹ kárí ayé ń lò. Tó bá ráyè wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bí héktà 350, kó máa wo orí igi dáadáa: ẹyẹ kan wà tí orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀, *Malimbus ibadanensis*, tí onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, kọ àpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi ìbọn sílé lọ́jọ́ náà. Kò sí ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀.

Ṣé òfin kan wà tó ní kí n má gbé e kiri?

Ìbọn ló ń gba ìwé àṣẹ. Ọdẹ ṣíṣe ò sí rárá nínú ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, bẹ́ẹ̀ ni igbó ọba bíi ti Gàm̀bàrí ní àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní ti bainọ́kúlà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n ni kí ẹ lò. Ẹ má yọ ọ́ sójú ní ẹ̀bá bárékè ṣọ́jà ní Mọ́kọ́lá tàbí pápákọ̀ òfuurufú ní Alákíà, ẹ má sì fi wo inú ọgbà onílé. Ní ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà oko, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò, kí ẹ sì sọ pé ó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá béèrè.